Àwọn Ìbejì Ọ̀rọ̀ Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni ti àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ìró wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn jìnnà sí ara wọn. Àwọn kan lè kà á sí ọ̀ràn ọmọ ilé-ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ti ara wa ni a óò fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́hìn, àwa ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ kan. Ìdílé kan ní ìlú náà fi ilẹ̀ ta ìjọ lọ́rẹ. Baálé ìdílé náà fọwọ́ sí ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i pẹ̀lú, ó wá kù kí a kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ọ̀ràn ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ń pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, àwa sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé a ti fi ilẹ̀ náà fún ìjọ "formally", èyí ni pé, ní ọ̀nà tí òfin fẹ́, pẹ̀lú ìwé àti ẹlẹ́rìí. Etí wa gbọ́ ìró náà dáradára, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kọ "formerly", èyí ni pé, ní ìgbà kan rí. A ka ìwé náà sókè sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìgbìmọ̀. Gbogbo wọn ní ó dára. A fi í ránṣẹ́.

Èsì tí ó padà wá béèrè ìbéèrè kan: bí ó bá jẹ́ pé ìgbà kan rí ni a fi ilẹ̀ náà fún ìjọ, ta ni ó ni ín nísisìyí? Oṣù márùn-ún kọjá kí ọ̀ràn náà tó yanjú. Bàbá arúgbó tí ó ta wá lọ́rẹ ní láti lọ sí ọ́fíìsì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, láti jẹ́rìí pé òun kò gba ẹ̀bùn òun padà. Kò bá wa wí. Ó kàn bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ kò ka ìwé náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́ ni?" Ohun tí ó dùn wá jù nìyí, nítorípé a kà á. A kà á sókè, kò sì sí etí kan nínú ilé náà tí ó lè mú àṣìṣe náà, nítorípé ìró kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní. Etí ni a fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ojú nìkan lè ṣọ́.

Ìyàtọ̀ èdè wa àti èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú èdè Yorùbá, ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọkọ ni ó fẹ́ aya. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Èkó. Ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń gbé dání. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá yọ àmì orí wọn kúrò, ojú kò lè dá wọn mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í ṣì wọ́n mú. Òótọ́ ni pé àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà àti ohùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú ti ẹlòmíràn: a ń kọ́ ilé, a ń kọ́ ìwé, a sì ń fi aṣọ kọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó ń tú àṣírí rẹ̀, a kò sì ní àkọtọ́ mẹ́ta fún un, nítorí náà akọ̀wé kò lè ṣì í kọ.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì yí ọ̀ràn náà padà. Lọ́dọ̀ wọn, "sea" ni òkun, "see" sì ni kí a rí nǹkan. Etí kò rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀, àfi ojú. Nítorí náà ni ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ mú dáradára fi lè ṣubú ní ibi tí ó ti gbẹ́kẹ̀lé agbára rẹ̀.

A pe àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìbejì, ìjọra ìbejì sì jẹ́ oríṣi méjì lójú ènìyàn. Àwọn Táíwò àti Kẹ́hìndé kan wà tí ìyá tí ó bí wọn pàápàá ń ṣì wọ́n pè. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í ṣe ìbejì rárá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ṣùgbọ́n àlejò tí ó rí wọn lẹ́ẹ̀kan a ní, "Ìbejì rèé." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan jẹ́ ìbejì tòótọ́, tí ará Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ń fi ìró kan náà pè. Àwọn mìíràn jẹ́ ìbejì ojú àlejò: ìró méjì ni Òyìnbó ń gbọ́, ṣùgbọ́n etí tiwa sọ wọ́n di ọ̀kan. Oògùn àwọn méjèèjì kò papọ̀. Ẹnití kò bá mọ èyítí ó ń dààmú òun yóò máa fi oògùn ibà wo ọgbẹ́.

Bí àwọn ìbejì tòótọ́ ṣe wáyé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ láti fi dẹ páńpẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìbejì ní àtètèkọ́ṣe. Ẹ wo "knight", ajagun orí ẹṣin, àti "night", òru. Ní ìgbà àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe "k" tí ó wà níwájú "knight" jáde lẹ́nu, wọ́n sì ń pe "gh" àárín àwọn méjèèjì bí ìró tí ń ha ọ̀fun. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń pe "k" náà nínú ọ̀rọ̀ wọn "Knecht" títí di òní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dẹ́kun pípè é, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun kíkọ ọ́.

"Sea" àti "see" tún jọni lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorípé lẹ́tà tiwa lè fi ìtàn wọn hàn. Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́hìn, ìró tí ó dàbí "ẹ" tiwa, tí a fà gùn, ni wọ́n ń pè nínú "sea". Èyítí ó dàbí "e" tiwa ni wọ́n ń pè nínú "see". Bẹ́ẹ̀ náà ni "meat", ẹran, àti "meet", kí a pàdé. Láti nǹkan bí ọdún 1400 títí dé nǹkan bí ọdún 1700, ọ̀pọ̀ ìró ẹnu wọn ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí "ẹ" àti "e" wọ̀nyí fi pàdé ara wọn sí "i". Ṣùgbọ́n ní ọdún 1476, nígbàtí ìṣípòpadà náà ń lọ lọ́wọ́, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster. Ìwé títẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so àkọtọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ìró ẹnu sì ń rìn lọ ní tirẹ̀. Ohun tí a ń kọ lónìí nínú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ó ti kọjá. Àkọtọ́ tiwa kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1875 ni àwọn bàbá wa pàdé ní Èkó, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà ni ìwé wa àti ẹnu wa fi súnmọ́ ara wọn.

Àwọn mìíràn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a là sí méjì. "Flower", òdòdó, àti "flour", ìyẹ̀fun, láti inú ọ̀rọ̀ Faransé kan náà ni wọ́n ti wá. Ìyẹ̀fun tí ó kúnná ni wọ́n pè ní òdòdó àlìkámà, èyí ni pé, apá tí ó dára jù nínú rẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ tí Samuel Johnson tẹ̀ jáde ní ọdún 1755, abẹ́ "flower" ni ìtumọ̀ méjèèjì wà. Lẹ́hìn náà ni àkọtọ́ wọn tó pínyà pátápátá.

Kí ni ìtàn yìí wúlò fún? Ó wúlò fún èyí: ó fi hàn wá pé lẹ́tà tí a kò pè lẹ́nu kì í ṣe lẹ́tà òfo. Ìlà ojú ni, tí ó ń sọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ béèrè ìdílé rẹ̀

Bí ìbejì méjì bá jọ ara wọn tí a kò dá wọn mọ̀, ọ̀nà kan ni kí a wo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn lẹ́hìn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí ọ̀rọ̀. "Two" ni méjì. Kí ni "w" ń ṣe nínú rẹ̀? Ẹ wo àwọn ìbátan rẹ̀: "twelve", méjìlá, "twenty", ogún, àti "twin", tí í ṣe ìbejì gan-an. Gbogbo wọn ni ó ru "tw" níwájú. "To" àti "too" kò sí nínú ìdílé náà. "Too", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú, tàbí jù, ni ó ní "o" kan jù.

"Hear", kí a gbọ́, ní "ear" nínú, èyí ni etí. "Here", ìhín, wà nínú ìdílé ibi pẹ̀lú "there", ibẹ̀, àti "where", níbo. Gbogbo wọn ni ó parí sí "ere". Nítorí náà "their", tí ó túmọ̀ sí ti wọn, kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi. Ọmọ ilé "they" ni. "Write", kí a kọ̀wé, bí "written" àti "writer". "Rite", ètò ìsìn, jẹ́ ìbátan "ritual". "Heir", àrólé, ní "h" tí a kò pè, ṣùgbọ́n ẹ óò gbọ́ "h" náà ketekete nínú "inherit", kí a jogún. "Stationery", ìwé àti ohun ìkọ̀wé, ni "stationer" ń tà. "Stationary" ni ohun tí ó dúró sójú kan. Àti àwọn méjì tí ó dójú tì wá: "formally" jẹ́ ọmọ "formal", ohun tí ó bá ìlànà mu, "formerly" jẹ́ ọmọ "former", ti àtijọ́. Ì bá ṣe pé a ti béèrè bàbá ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ náà, bàbá arúgbó ì bá má rìnrìn àjò.

Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, mẹ́ta kan wà tí ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́. "Altar" ni pẹpẹ, "alter" ni kí a yí nǹkan padà, gẹ́gẹ́bí "alteration" ti fi hàn. "Soul" ni ọkàn. "Sole" ni àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí ẹnìkan ṣoṣo. "Pray" ni kí a gbàdúrà, bí "prayer". "Prey" ni ẹran tí ẹkùn pa jẹ. Ẹnití ó bá kọ "Let us prey" sínú ìwé ètò ìsìn kò pe ìjọ sí àdúrà, ọdẹ ni ó pè wọ́n lọ.

Ẹgbẹ́ kan kù tí ó ń mú àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá: "its" àti "it's", "your" àti "you're", "whose" àti "who's". Òfin wọn kò ju ọ̀kan lọ. Àmì kékeré tí ó wà lókè ń sọ pé a ti yọ lẹ́tà kúrò níbẹ̀. Ẹ dá lẹ́tà náà padà, kí ẹ sì tún gbólóhùn náà kà. Bí "it is" tàbí "it has", "you are", "who is" tàbí "who has" bá bá a mu, ẹ fi àmì sí i. Bí kò bá bá a mu, ẹ má fi sí i.

Àwọn ìbejì ojú àlejò

Wàyí o, a dé ọ̀dọ̀ oríṣi kejì, tí kò sí ní ọwọ́ Òyìnbó, bíkòṣe ní etí tiwa. Fáwẹ̀lì tí a kì í fi imú pè nínú Yorùbá jẹ́ 7: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Àwọn olùkọ́ ìpè èdè a máa ka ti Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Gúúsù England sí 20. Bí 20 àlejò bá dé sí ilé oníyàrá 7, dandan ni kí àwọn kan sùn pọ̀. "Ship", ọkọ̀ ojú omi, àti "sheep", àgùntàn, sùn nínú "i". "Full", kíkún, àti "fool", òmùgọ̀, sùn nínú "u". "Work", iṣẹ́, àti "walk", ìrìn, sùn nínú "ọ". Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ fún onílé pé òun yóò máa gbé inú ilé náà, "live", tí ó sì fà á gùn di "leave", ó ti sọ pé òun ń kó jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn kọ́ńsónáǹtì. Èdè wa kò ní "v", kò ní "z", kò ní "ch", kò sì ní "th". Nítorí náà "van", ọkọ̀ akẹ́rù, di "fan", abẹ̀bẹ̀. "Prize", ẹ̀bùn ẹni tí ó borí, di "price", iye owó. "Thank", kí a dúpẹ́, di "tank", àgbá omi. Ọ̀gá tí ó sọ fún ọmọ-ọ̀dọ̀ pé kí ó ṣọ́ mọ́tò, "watch", lè padà wá bá mọ́tò tí omi ń kán lára rẹ̀, nítorípé "wash" ni ọmọ náà gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń ju "h" nù ní ibi tí ó wà, tí òkè, "hill", fi di àìsàn, "ill".

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí kẹ́gàn ara rẹ̀. Etí gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìró tí a kò fi tọ́ ọ dàgbà. Láàrin àwa Yorùbá pàápàá, àwọn ará Ìbàdàn a máa sọ "sé" ní ibi tí ẹlòmíràn ti ń sọ "ṣé", a sì ń gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìwé Àwọn Onídàjọ́, orí kejìlá. Àwọn ará Gílíádì dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n ní kí olúkúlùkù pe Ṣíbólẹ́tì. Àwọn ará Éfúráímù sọ Síbólẹ́tì, a sì kà pé 42,000 nínú wọn ni ó ṣubú nígbà náà. Àmì kékeré abẹ́ "s" ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Lónìí, kò sí ẹni tí yóò fi idà pa wá nítorí ìró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń pàdé ìwọdò tiwọn nínú ìdánwò WAEC, níbi tí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn mu.

Níhìn-ín, wíwo àkọtọ́ kò tó; etí àti ẹnu ni a ó kọ́. Fún "th", ẹ fi orí ahọ́n sí àárín eyín, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn. Fún "v", ẹ ṣe ẹnu bí ẹni fẹ́ pe "f", kí ọ̀fun sì máa kùn. Bẹ́ẹ̀ ni "z" sí "s". Fún "sheep", ẹ fa ètè gbòòrò, kí ìró sì pẹ́. Fún "ship", ẹ dẹ ètè, kí ó sì yára kọjá.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní ìbejì kan náà. Ará Scotland àti ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń pe "r" inú "formerly" jáde, nítorí náà lọ́dọ̀ wọn òun àti "formally" kì í ṣe ìbejì. Àwọn kan ní Scotland àti Ireland ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn sí iwájú "which" tí wọ́n fi ń yà á kúrò lára "witch", àjẹ́. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìpè rẹ̀; àkọtọ́ ni gbogbo wọn jọ ní.

Ohun tí a óò mú lọ sílé

Èkíní, ẹ má ṣe kọ́ ọ̀kan nínú ìbejì láìmọ ìdílé rẹ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan nílé. Ẹ kọ àwọn méjèèjì síbẹ̀, ìbátan kan fún olúkúlùkù, àti gbólóhùn kan fún olúkúlùkù.

Èkejì, ẹ̀yin tíṣà, bí ẹ bá ń ṣe àpèkọ, ẹ má ṣe pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ tí a pe "right" fún kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ ni, tàbí ìkọ̀wé, tàbí ètò ìsìn. Gbólóhùn ni kí ẹ pè.

Ẹ̀kẹta, fún àwọn ìbejì ojú àlejò, kí ènìyàn méjì jókòó. Kí ọ̀kan kọ ẹ̀hìn sí èkejì, kí èkejì máa pe "ship" tàbí "sheep" bí ó ti wù ú, kí ẹnití ó kọ ẹ̀hìn sì máa sọ èyítí ó gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ga jù: nígbàtí ẹ bá kọ̀wé tán, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé kíkà á sókè. Ìwé kíkà sókè dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ìbejì tòótọ́, ńṣe ni ó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi gbogbo rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lọ́wọ́; ohun tí wọ́n mọ̀ mú jù ni ọ̀rọ̀ tí kò sí, nígbà tí "formerly" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà, tí ó sì pé, tí kò kàn sí ní ipò rẹ̀. Ẹ fi ojú kà á, ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn sì tún fi ojú tirẹ̀ kà á.

Ẹ̀kọ́ kẹrin yìí kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Nígbàtí a gbé ìwé kejì tọ bàbá arúgbó náà lọ, a mú gèlè ọ̀rọ̀ dání, a fẹ́ kà á sókè fún un gẹ́gẹ́bí ọ̀wọ̀. Ó ní rárá. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń lọ sí ilé-ìwé gíga, ó ní kí ó jókòó, kí ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. A dúró, a ń wo ìka ọmọ náà. Nígbàtí ó gbé orí sókè tí ó ní, "Bàbá, ó pé," nígbà náà ni bàbá tó fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìjọ lónìí, ní ọ̀nà tí òfin fẹ́.